Ẹ bá wa bèèrè iye tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìpolówó tẹ́tẹ́ oríire tó gba odidi ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Wọ́n gbé àwòrán ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun síbẹ̀ gàdàgbà, wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n máa yọ tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ bí a ṣe lè rà á. Mo wá a títí, n ò rí ibi tí wọ́n kọ iye tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fẹ́ tà.

Ohun tó ń jẹ́ kí n wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rèé. Níbi iṣẹ́ wa, nígbà tí ọdún ń parí lọ, wọ́n fún àwa igba òṣìṣẹ́ ní tíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún márùn-ún. Àpótí mẹ́ta ló wà nílẹ̀: ọ̀kan fún alùpùpù, ọ̀kan fún tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan fún fáànù orí tábìlì. Ibi tó bá wu kálukú ni kó ju tirẹ̀ sí, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa yọ nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Inú ti alùpùpù ni mo ju gbogbo tèmi sí, n ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí èmi àti ẹnì kan ka ohun tó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ti alùpùpù ti kún débi pé ìdérí rẹ̀ ò pa dé mọ́. Àwọn tíkẹ́ẹ̀tì òkè ń yọrí, àtàǹpàkò ni mo fi ń tì wọ́n wọlé. 911 ló wà níbẹ̀. Ti tẹlifíṣọ̀n jẹ́ 83. Nígbà tí mo ṣí ti fáànù, ìsàlẹ̀ àpótí ni mo kọ́kọ́ rí. Mẹ́fà péré! Márùn-ún nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, orúkọ Màmá tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì wa ló wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní owó alùpùpù yẹn tó ra fáànù ogójì. Bí a bá pín fáànù ogójì yẹn sí ọ̀nà 911, ohun tó kan tíkẹ́ẹ̀tì kan ò ju bí ìdá kan nínú mẹ́tàlélógún fáànù kan lọ. Ti Màmá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ìdá kan nínú mẹ́fà.

Wọ́n yọ tíkẹ́ẹ̀tì, Màmá ò jẹ. Ẹyọ kan tí kì í ṣe tiwọn yẹn ló jáde. Ni àwọn ará ibi iṣẹ́ wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Màmá, ẹ ò rí i? Bó bá ṣe pé inú ti alùpùpù lẹ jù wọ́n sí ńkọ́!" Ẹni tó jẹ alùpùpù ń sọ pé ọkàn òun ti sọ fún òun láti àárọ̀. Inú bí mi, ó sì ń bí mi títí dòní, nítorí nínú gbogbo wa, Màmá ló ronú. Èèyàn lè rò ó dáadáa kó má bọ́ sí i, ẹlòmíì lè máà rò ó rárá kó jẹ. Màmá alára ò bínú. Wọ́n ní, "Bí wọ́n bá tún ṣe é lọ́la, ibẹ̀ náà ni màá jù ú sí."

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé "ẹnì kan ṣáà máa jẹ ẹ́, kí ló dé tí kò ní jẹ́ èmi?" Nínú àpótí tiwa, òótọ́ ni. Nínú lọ́tìrì ńlá, wọ́n lè yọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má jẹ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Ìlú Ọba ní oṣù Kọkànlá ọdún 1994, nọ́ńbà mẹ́fà nínú 49 ni èèyàn ń mú, ọ̀nà 13,983,816 ni nọ́ńbà sì lè gbà jáde. Ẹni tó bá ń ra ẹyọ kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ máa fi ohun tó lé ní ọdún 268,000 ra iye yẹn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, wọ́n sọ 49 di 59, ọ̀nà náà di 45,057,474. Owó ò tètè rẹ́ni jẹ ẹ́ mọ́, ó ń gorí ara wọn, nígbà tó fi máa di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2016, ó ti wọ mílíọ̀nù 66 pọ́n-ùn. Ohun tó mú kó ṣòro jẹ gan-an ló sọ owó náà di ńlá, owó ńlá yẹn sì ni gbogbo èèyàn ń wò.

Àwọn kan á ní ọ̀kánjúwà ni. Mi ò jiyàn, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Mo bi Màmá bí wọ́n ṣe mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì ò ní pọ̀ nínú àpótí fáànù. Wọ́n ní gbogbo ọjọ́ yẹn làwọn fi ń gbálẹ̀ lọ gbálẹ̀ bọ̀ níwájú àwọn àpótí náà, àwọn sì ń wo ibi tí ọwọ́ ń lọ.

Olóòtú, àwa tí à ń ra tíkẹ́ẹ̀tì nítorí ìpolówó ò rí àpótí kankan wò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gba irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi tí iye tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa tà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ẹ̀bùn náà, kí wọ́n sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti ọjọ́ pípẹ́