Ilé Ìkòròdú: ẹ má tíì tà á

Àjọkẹ́ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́. Ọkùnrin tó fẹ́ ra ilé yín ní Ìkòròdú ti pe èmi náà, ó sì ń kánjú. Ìkánjú rẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí n fura.

Ẹ má dá àwọn tó ń sọ pé a kì í ta ilé lóhùn. Ilé àjogúnbá ni wọ́n ń wí. Ìwọ àti ọkọ rẹ lẹ fi òógùn yín kọ́ èyí, a ò sin bàbá ńlá ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Bó bá yá, ẹ tà á.

Ìwé ni kò jẹ́ kó tíì yá. Risíìtì ọmọ onílẹ̀, àdéhùn tí lọ́yà kọ àti sọ́fè nìkan lẹ ní. Kò sí C of O, ìwé tí ìjọba fi ń fún ni láṣẹ lórí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 ti fi àṣẹ ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Ọkùnrin yẹn mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi dá owó kékeré. Bó bá rà á tán, yóò ṣe ìwé rẹ̀, yóò sì tún un tà ní iye tó yẹ kẹ́ ẹ̀yin gbà. Nítorí náà, ẹ fi ilé náà háyà fún ayálégbé ná. Owó ilé ọdún méjì àkọ́kọ́, ẹ má fi ra ohunkóhun, ìwé ni kẹ́ ẹ fi ṣe. Bí ìwé bá pé tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ tà á, n ò ní bá yín jiyàn.

O ní ẹ fẹ́ fi owó rẹ̀ kún ti ilé tẹ́ ẹ fẹ́ rà ní Leeds, ní England lọ́hùn-ún. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Kí báńkì àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, bíi 460 náírà ni dọ́là kan; kí 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,500. Pọ́n-ùn náà kò ṣàánú wa. Owó tó pọ̀ lójú níbí, bó bá máa dé ọ̀dọ̀ yín, kò ní tó nǹkan.

Ayálégbé ní wàhálà tirẹ̀, n ò ní tàn ọ́. Òfin tí ìjọba Èkó ṣe ní 2011 ò gbà kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó ń san lọ́dọọdún, bí àdéhùn yín ò bá sọ nǹkan míì, oṣù mẹ́fà ni nótíìsì rẹ̀, ọjọ́ méje tún wà lẹ́yìn ìyẹn, kó tó wá kan kóòtù. Torí náà, ẹni tẹ́ ẹ máa gbà wọlé ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ yàn. Kí ajẹ́ǹtì lọ wo ilé tónítọ̀hún ń gbé lọ́wọ́, kó dé ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n sì tún òrùlé bọ́ìsì kúọ́tásì ṣe kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi kọ́ ni màá máa gba owó ilé o. Orúnkún mi ò gbé ọ̀nà Ìkòròdú mọ́. Àbúrò rẹ yóò ní òun máa ṣe é. Ọmọ mi ni, mo mọ̀ ọ́n, má gbé e fún un. Ẹ wá lọ́yà, kẹ́ ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé àṣẹ tẹ́ ẹ bá fún un, gbígba owó àti àtúnṣe nìkan ni kó wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ títà wọ̀ ọ́.

Kí ọkọ rẹ ka lẹ́tà yìí kẹ́ ẹ tó fún ọkùnrin yẹn lésì. Bó bá tún pè mí, màá ní kó máa retí yín.

Bá mi kí àwọn ọmọ.

Ìyá rẹ