Ìjọba ló fún ọmọ ní ìwé ẹ̀rí, ìjọba ló tún ń kọ̀ ọ́

Sí Olóòtú,

Inú ló ń bí mi tí mo fi gbé kálámù. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Apáta, n'Íbàdàn, lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní iléeṣẹ́ ìjọba kan. Iṣẹ́ oníná ni wọ́n ń wá èèyàn sí o, kì í ṣe iṣẹ́ akọ̀wé. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ yìí fi kọ́ iṣẹ́ iná ní iléèwé ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀. Ó ṣe ìdánwò NABTEB, ìyẹn ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba àpapọ̀, ó sì yege. Ẹni tó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ wò ó fìrí, ó dá a padà, ó ní WAEC làwọn ń gbà. Kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa iná.

Kí la fẹ́ pe irú èyí? Ọdún 1992 ni ìjọba àpapọ̀ dá NABTEB sílẹ̀, kí ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí WAEC àti àwọn ará ìlú Ọba bíi City & Guilds ń ṣe fún wa lè wà lábẹ́ òrùlé kan. Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá ní City & Guilds, ọ̀wọ̀ rẹ̀ ń bẹ níbi iṣẹ́. Ìwé NABTEB yìí náà lèèyàn lè fi wọ poli, ó lè fi wọ yunifásítì bí kírẹ́díìtì rẹ̀ bá pé. Ìjọba ló gba ìdánwò, ìjọba ló buwọ́ lùwé, ẹni tí ìjọba ń sanwó oṣù fún ló sì ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Wọ́n á ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́. Ta ló ń ra wáyà? Bí prátíkà, ìyẹn ìdánwò àfọwọ́ṣe, bá ti dé, ọmọ ni yóò ra páìpù, òun ni yóò ra súwíìṣì, kílíìpù àti tẹ́sítà. Aṣọ ìyá ọmọ yìí wà lára ohun tí a tà. Mo rí pákó tó fi ṣe ìdánrawò kí ìdánwò tó dé: gílóòbù kan, súwíìṣì méjì, irú èyí tí wọ́n ń fi sí àtẹ̀gùn kí èèyàn lè tan iná nísàlẹ̀ kó sì pa á lókè. Wáyà rẹ̀ lọ tààrà, kílíìpù rẹ̀ kò jìnnà síra, kò síbi tó rọ̀. Ọmọ tó ṣe irú iṣẹ́ yẹn ni wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn kan á sọ pé ká kúkú fi ọmọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọmọ àdúgbò wa kan ṣe bẹ́ẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, ó gba fíríìdọ̀mù, ó ń wáyà ilé káàkiri, ó ti ra ọ̀kadà. Mo bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó ṣírò bí wáyà ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó kó tó lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù méjì, ojú ló máa fi wọ̀n ọ́n. Wáyà tín-ín-rín tó ń gbóná nínú ògiri sì wà lára ohun tó ń jó ilé mọ́ èèyàn lórí. Ìṣirò yẹn ni owó tí a ná sí iléèwé rà fún ọmọ tiwa, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ohun tí n kò lè gbà ni pé èyí tó níwèé, wọ́n ní irú ìwé rẹ̀ kọ́. Èyí tí kò níwèé, wọ́n ní kó lọ wá ìwé.

Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ńláńlá l'Ékòó, àwọn ará Kútọnu àti Tógò lẹ máa bá nídìí táìsì àti POP. N kò bínú sí wọn, ọwọ́ wọn mọ́ṣẹ́; àmọ́ ọmọ tiwa tó mọṣẹ́ ni wọ́n ń dá padà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba ṣe nìyí. Kí agbaṣẹ́ṣe kankan má gba owó ìjọba, ì báà jẹ́ ti iléèwé, ti ilé ìwòsàn tàbí ti iná ojú títì, àfi tó bá kọ orúkọ oníná, bíríkìlà, púlọ́ńbà àti wẹ́dà tó fẹ́ lò sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé NABTEB wọn tàbí ti Trade Test, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí iléeṣẹ́ ètò òṣìṣẹ́ ń ṣe. Kí wọ́n lẹ orúkọ náà mọ́ pátákó iwájú sáìtì. Bí ẹni tó ń bẹ iṣẹ́ wò bá dé, kó pe orúkọ. Bí kò bá bá wọn níbẹ̀, kó má buwọ́ lùwé owó. Ní ti àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, kí àwọn tó ń ṣe Trade Test lọ bá wọn níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wọn, kí wọ́n dán wọn wò níbẹ̀, kí wọ́n má baà pa iṣẹ́ òòjọ́ tì.

Kí ìjọba ra ohun èlò prátíkà fún iléèwé. Kí wọ́n sì kọ NABTEB sẹ́gbẹ̀ẹ́ WAEC nínú gbogbo ìpolówó iṣẹ́.

Mo tún un sọ: ìjọba kò gbọdọ̀ kọ ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fún ọmọ. Àwọn tó ń buwọ́ lu owó kọngílá lágbára láti bẹ̀rẹ̀ lórí iṣẹ́ tí wọ́n bá tún fẹ́ gbé jáde.

Òbí kan,
Apáta, Ìbàdàn.