Lẹ́tà sí Àǹtí mi ní Ìlíṣàn

Àǹtí mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. "Akíkanjú obìnrin" ni gbogbo ẹbí ń kì yín, oríkì yẹn ni ò sì jẹ́ kẹ́ ẹ lè sọ ọ́ jáde pé ó rẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì sinmi.

Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara kì í ṣe òkúta. Ẹ tún ka ìwé Ọba Kìíní orí 19. Èlíjà ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run ò kọ́kọ́ rán an níṣẹ́ kankan. Ó jẹ́ kó sùn, áńgẹ́lì jí i, ó jẹ àkàrà, ó mumi, ó tún sùn, wọ́n tún jí i jẹun lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó gbéra lọ sí Hórébù. Wòlíì tí iná sọ̀ kalẹ̀ sí àdúrà rẹ̀ nìyẹn o!

Iṣẹ́ gàrí yín gan-an fàyè sílẹ̀ fún ìsinmi. Tẹ́ ẹ bá rin ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́bọ̀, tẹ́ ẹ dì í sápò, ó yẹ kó lo ọjọ́ mẹ́ta, ó kéré tán, kó tó kan bí gàrí Ìjẹ̀bú ṣe ń kan. Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú: kò sóhun tọ́wọ́ yín lè fi kún un. Tẹ́ ẹ bá kánjú yan án, kò ní kan, oníbàárà á mọ̀ gbàrà tó bá kan ahọ́n rẹ̀. Oró inú ẹ̀gẹ́ ò sì ní dín kù tó bó ṣe yẹ. Ọjọ́ Ajé ni kẹ́ ẹ fún omi rẹ̀ gbẹ, kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ yan án. Rírin òmíràn lọ́jọ́ Ẹtì, kí àgbadà má bàa ṣófo, ló ń gba ìsinmi yẹn lọ́wọ́ yín.

Ẹ wo àwọn ọmọ ìjọ Adventist ní Yunifásítì Babcock nítòsí yín. Kí oòrùn ọjọ́ Ẹtì tó wọ̀, wọ́n ti se oúnjẹ, wọ́n ti lọ aṣọ. Wọ́n á sinmi di ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta. Mi ò ní kẹ́ ẹ fi ìjọ yín sílẹ̀ o, ètò wọn ni kẹ́ ẹ yá. Kí tiyín bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta. Ẹ ti pọnmi, ẹ ti se ọbẹ̀ tó máa tó ọjọ́ kejì, ẹ sì ti sọ fáwọn ọmọ ṣáájú, torí ẹni tẹ́ ò bá sọ fún ló máa wá kanlẹ̀kùn. Ẹ pa fóònù. Ẹ dárúkọ gbèsè àti àpò ẹ̀gẹ́ níwájú Ọlọ́run, kẹ́ ẹ sì lọ sùn, ó kéré tán wákàtí méje.

Oúnjẹ sísè fún ìpàdé ìjọ kì í ṣe ìsinmi, Àǹtí mi. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé ìkòkò yẹn.

Níbẹ̀rẹ̀, ara á máa ro yín, ọkàn yín á máa ṣírò owó. Ìrora tí iṣẹ́ ti ń bò mọ́lẹ̀ ló ń yọjú; ẹ má tìtorí ẹ̀ dìde gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n tí orí bá ń fọ́ yín, tó sì ń pẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín. Tó bá jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ rí dókítà. Àdúrà ò ní kẹ́ ẹ má lọ.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀gẹ́ ọjọ́bọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ rin.

Èmi ọmọ yín.