Ta ló ń ta ibi ìjẹko màlúù fún wa?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó gbòde kan ní ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá ní Gwagwalada àti Kuje, ní Àbújá níbí, ló mú mi kọ̀wé. Àwọn éjẹ́ǹtì ti gbọ́ òórùn owó ìfẹ̀yìntì lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà láàárín wa, wọ́n sì ń polówó ìpín fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oko: ẹ san owó, ẹ gba hẹ́kítà kan lára pápá gbalasa tí màlúù ti ń jẹko, mai-angwa, olórí àdúgbò, á fọwọ́ sí ìwé, ó parí.

Kò parí o. Nílé lọ́hùn-ún, ẹni tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí, tí olórí ẹbí àti àwọn àgbà sì jẹ́rìí sí i, mọ ẹni tí yóò dì mú bí ìjà bá dé. Ìṣe yẹn la gbé wá síbí. Ṣùgbọ́n òfin 1976 tó dá olú-ìlú tuntun sílẹ̀ ti gba ilẹ̀ Àbújá kúrò lọ́wọ́ ẹbí àti abúlé, abala 297 ìwé òfin 1999 sì tún un sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn olórí Gbagyi, àwọn tí a bá níbí, ẹni iyì ni wọ́n, àmọ́ ìbuwọ́lù wọn kò lè sọ yín di onílẹ̀. Bí ẹ bá sì kọjá sí ìpínlẹ̀ Niger tàbí Nasarawa, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ń dúró dè yín níbẹ̀: gómìnà tàbí ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ fàṣẹ sí i kí ilẹ̀ tó ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Abala 26 ní èyí tí kò bá gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀, asán ni.

Irú ilẹ̀ tí wọ́n ń tà gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Ìjọba ya ibi ìjẹko sọ́tọ̀ ní Paikon-Kore, Kawu, Karshi àti Rubochi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, hurumi wà, pápá tí gbogbo abúlé jọ ń lò. Burtali náà wà, ọ̀nà tí màlúù ń gbà kọjá. Ẹ débẹ̀ lọ́jọ́ tí kò sí màlúù, ẹ ó ní igbó lásán ni. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ẹ̀gẹ́ sì ni àwa fẹ́ràn láti gbìn, ẹ̀gẹ́ tí kì í kúrò nílẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí ewé rẹ̀ ṣì ń tutù nígbà tí gbogbo koríko ti gbẹ! Ta ni màlúù kò ní yà lọ́dọ̀ rẹ̀? Ibẹ̀ ni àdá àti ọ̀pá ti ń jáde.

Àwọn kan á ní ṣebí àwọn ẹlòmíràn ti kọ́lé sí ibi ìjẹko. Òótọ́ ni, ojú mi rí i. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ti ẹni tó ń tà á.

Ẹni tó fẹ́ dáko ní tòótọ́ lè gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ àgbẹ̀ Gbagyi lọ́dọọdún, bí a ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ nílé. Kó gbin àgbàdo, ẹ̀wà tàbí sóyà, kó kó o wọlé kí ẹran tó dé, kó sì bá ardo, olórí àwọn Fúlàní darandaran, sọ ọ́ kí màlúù wá jẹ pòròpóró tó kù. Ìgbẹ́ wọn á di ajílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Owó ìṣákọ́lẹ̀ yẹn kéré gan-an sí ti ìpín. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ títí láé lẹ ń wá, ẹ kọ́kọ́ mú nọ́ńbà ilẹ̀ náà lọ sí AGIS, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Àbújá, kí ẹ tó san ohunkóhun.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn alága ẹgbẹ́ ni pé kí wọ́n má ṣe gbé makirofóònù fún éjẹ́ǹtì kankan mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n ti rí ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ rán akọ̀ròyìn yín dé AGIS, kí ó béèrè èwo nínú àwọn pápá tí wọ́n ń pín yìí ló wà fún títà, kí ẹ sì tẹ èsì náà jáde.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì,
Gwagwalada, Àbújá.