Ta Ló Kọ́ Ìyá Wa?

Kúbwà, Àbújá
Alẹ́ Sátidé

Ṣadé mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tó o gbà sílẹ̀ fún mi lórí WhatsApp. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀kejì ni mo pe ọkọ mi kó wá gbọ́ ibi tó o ti rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé ọ. "Rónkẹ́, ṣé torí pé ò ń kọ́ obìnrin Nàìjíríà bí wọ́n ṣe ń fọ́mọ lọ́mú ni wọ́n ṣe ń sanwó fún ọ? Ta ló kọ́ ìyá wa?" Ó dáa. Mo fẹ́ fi ohùn fèsì, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà gùn, wọ́n sì ti mú iná lọ láti aago mẹ́rin, fóònù mi ti fẹ́ kú. Bírò kì í kú bẹ́ẹ̀. Tí iná bá dé, màá ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò, màá fi ránṣẹ́ sí ọ.

Báwo ni Winnipeg? Báwo ni òtútù? Tó bá ṣeé dì sínú ọ̀rá, bá mi rán díẹ̀ wá. Ooru inú oṣù kẹrin yìí ò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà.

Ká padà sí ìbéèrè rẹ. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó kọ́ ìyá wa. Àmọ́ ìyá wa gbé wa pé oṣù. Àwọn ọmọ tí mò ń bá ṣe nílé ìwòsàn, ọ̀sẹ̀ 28, 30, 32 oyún ni ọ̀pọ̀ wọn wáyé. Kéèyàn fa nǹkan, kó gbé e mì, kó sì máa mí lọ láìfi ọ̀kan dí èkejì lọ́wọ́, ìwọ tó ò ń mu tíì lọ́wọ́ ò ronú kàn án rí. Ọmọ tí kò tíì tó bí ọ̀sẹ̀ 34 kì í sábà lè pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Bó o bá fi tipátipá fún un, ẹ̀dọ̀fóró ni omi ọmú ń gbà lọ. Torí náà rọ́bà tín-ín-rín kan la máa ń gba ẹnu tàbí imú rẹ̀ kì wọ inú ikùn, ibẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà. Ìyá ọmọ ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ fún ọmú náà jáde, lójúmọ́ àti lóru, nígbà tí ọmọ wà nínú inkubétọ̀, àpótí tó ń mú ara ọmọ móoru, ní yàrá kejì. Ara obìnrin kì í sì ṣe òmùgọ̀. Tí kò bá rí ẹnu kankan lórí ọmú, yóò ní ọmọ ò sí nìyẹn, yóò sì pa ìdí iṣẹ́ dé. Iṣẹ́ mi ni kí n bá ìyá ọmọ tan ara rẹ̀ jẹ, kó lè rò pé ọmọ ló ń fà.

Àwọn ìyá tó jẹ́ Hausa ń pè mí ní Maman Nono. O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ọmú obìnrin àti fún wàrà tí àwọn Fúlàní ń rù kiri nínú igbá. Ọ̀sẹ̀ tí orúkọ yẹn kọ́kọ́ mọ́ mi lórí, ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì wa bi mí bóyá mo ní fúrà tí òun máa pò mọ́ ọn.

Jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Ìbejì kan fún ọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Màràràbá ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú kí wọ́n tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 29. Táíwò wọn gíráàmù 1,150. Kẹ́hìndé wọn 980, kò tó ọ̀rá iyọ̀ oníkílò kan. Wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni mo dé ìdí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kò tíì lè jókòó. Mo fi aṣọ tí mo rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bò ó láyà díẹ̀, mo sì fi bó ṣe máa ṣe é hàn án: àtàǹpàkò lókè, ìka méjì nísàlẹ̀, lẹ́yìn ibi dúdú tó yí orí ọmú ká. O máa tì í sẹ́yìn síhà àyà, o máa fún un, o máa jọ̀wọ́ rẹ̀. Tì í, fún un, jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìka kì í yọ̀ lórí awọ bí ẹni ń fún aṣọ, egbò nìyẹn ń fà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí nǹkan kan. Ó ti ń wo ògiri. Ìgbà tó yá, ẹ̀kán kan yọ, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí òróró, ó nípọn, ó dúró sórí ọmú kò fẹ́ jábọ́. Mo fi sírínjì kékeré fà á. Òmíràn yọ. Nígbà tí a máa fi parí ọmú méjèèjì, gbogbo rẹ̀ ò ju ìdajì mílílítà lọ.

Ó wo sírínjì náà, ó wò mí. "Ántí, ṣé èyí nìkan? Fún ọmọ méjì?"

Ṣadé, gbólóhùn yẹn ni ọ̀tá mi. Kì í ṣe àìsí ọmú ló ń gbẹ ọmú obìnrin ní yàrá wa, "ṣé èyí nìkan" ni. Ọmú ò tíì ní sọ̀ kalẹ̀ kí ọjọ́ kejì sí ìkẹrin tó dé, bó ṣe rí fún ìyá ọlọ́mọ pípé náà nìyẹn. Àmọ́ ọmọ tirẹ̀ wà lórí ọmú, kò sẹ́ni tó ń wọn ohun tó mu. Tàwọn ìyá tèmi, inú sírínjì tó ní nọ́ńbà lára ni. Ojú ń rí i. Ìtìjú bẹ̀rẹ̀, ẹkún bẹ̀rẹ̀, ẹkún àti ìbẹ̀rù sì máa ń há omi ọmú mọ́ inú.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé èmi náà ti ṣe é. Ọdún àkọ́kọ́ mi níbẹ̀, obìnrin kan gbé ìwọ̀n ṣíbí kékeré kan wá, mo wò ó mo ní, "Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń gbé jù báyìí wá o." Mo rò pé mò ń fún un níṣìírí ni. Ọjọ́ méjì ni n kò fi rí i. Ẹni tó sùn tì í ló sọ fún mi pé inú ilé ìyàgbẹ́ ló ti ń fún un, kí n má baà rí bó ṣe kéré tó, ó sì ń dà á sílẹ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà yẹn n kì í bi ìyá kankan pé "mélòó lónìí?"

Fún Ìyá Ìbejì, mo ní kó má lọ ibì kankan pẹ̀lú ọkàn rẹ̀, kó máa wò mí. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn tì í wá síbi inkubétọ̀. Mo ki òwú mọ́ ẹnu igi tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi tọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀kán náà, mo fi pa inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kẹ́hìndé. Ahọ́n rẹ̀ jáde, kò tóbi ju èékánná mi lọ, ó ń lá a bí ọmọ ológbò. Ìyá rẹ̀ pariwo. Ó ní, "Ó mọ̀ ọ́n!" Lálẹ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pè mí fún ẹ̀ẹ̀kejì.

Ìyá ọkọ rẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kẹta, pẹ̀lú ìgò àgbo kan àti agolo mílíìkì ńlá kan. O mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀: tó o bá kúnlẹ̀, yóò ní òun ti gbọ́, àmọ́ kò ní í gbà. Ó rí omi ọmú pupa náà, ó ní kí wọ́n dà á nù. "Òjò àkọ́kọ́, a kì í gba omi rẹ̀ sílẹ̀, ìyàwó mi. Orí páànù ló ń fọ̀." Ká sọ tòótọ́, Ṣadé, àlàyé yẹn dùn létí mi. Mo ronú díẹ̀ kí n tó fèsì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, páànù ló dọ̀tí, òjò ò dọ̀tí. Ọmú ò sì ní páànù." Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti ráyè sọ fún un pé omi pupa yẹn ni àjẹsára àkọ́kọ́ tọ́mọ máa gbà, pé ìfun ọmọ tí kò pé oṣù rọ̀, mílíìkì agolo sì lè mú kí ìfun náà wú kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú, èyí tí omi ọmú ìyá ń dín kù gan-an. Agolo padà sínú báàgì. Àgbo ni a bá a fà títí di ọjọ́ Fúráídè.

Nǹkan kan wà tí n kì í bá wọn ṣàwàdà lórí rẹ̀, káún. Ẹ̀kọ gbígbóná tí àwọn ará ibí ń po káún sí fún ìyá ọmọ, kó lè lómi lọ́mú, àwọn Yorùbá tó ti pẹ́ níbí náà ti kọ́ ọ. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ká wá máa bu irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un! Mo ní kí wọ́n fún un ní ẹ̀kọ, kí wọ́n fi káún sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́jọ ńkọ́? Pé ti oṣù méje a máa yè, ti oṣù mẹ́jọ ni kì í yè. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í gbọ́ ọ. Irọ́ gbuu ni, gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ọmọ bá fi kún un nínú ìyá rẹ̀, èrè rẹ̀ ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹjọ lójúmọ́ ni mo ní kó máa fún un, kò sì gbọdọ̀ fo ti òru, torí òru ni èròjà tó ń pe ọmú máa ń pọ̀ jù lára. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ tí àwọn ọmọ ṣì kù sílé ìwòsàn, wàhálà tuntun dé. Tó o bá ti gbàgbé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Nyanya láàárọ̀ Mọ́ńdè, jẹ́ kó wà níbi tó o gbàgbé ẹ sí. Ìyá yìí á jókòó sínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú kúlà kékeré lórí ẹsẹ̀, yìnyín nínú rẹ̀, ìgò mẹ́rin mẹ́rin, orúkọ, ọjọ́ àti aago lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n ní omi ọmú lè lò lóde láìsí fíríìjì. Nínú ooru tiwa yìí, n kì í jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá di òru ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ wa ò dáhùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn inkubétọ̀ ní bátìrì. Fíríìjì ọmú ò ní. Nígbà tí mo ṣí i, ó ti lọ́wọ́ọ́wọ́. Ìgò mọ́kànlá jẹ́ tirẹ̀. Mi ò lè dà á nù lẹ́yìn rẹ̀, mo dúró dè é. Mo sì dà á sínú síńkì níṣojú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Kò sọ nǹkan kan. Ó kó àwọn ìgò náà, ó fọ̀ wọ́n, ó lọ jókòó sórí àga rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún òmíràn. Ọjọ́ méjì ni kò fi kí mi, mi ò sì dá a lẹ́bi. Mo kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n fún fíríìjì náà ní bátìrì tirẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti rí ìwé náà.

Ìyá kan tó jẹ́ Hausa, tí tirẹ̀ ń ṣàn bí odò, ní òun á fún ìbejì wa nínú tòun. Ọkọ rẹ̀ ló sáré wá. Kò bínú, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin ni wọ́n àbí obìnrin, àti orúkọ bàbá wọn, torí ní ẹ̀sìn tirẹ̀ ọmọ tó bá ti mu ọmú kan náà ti di ọmọ ìyá, wọn ò lè fẹ́ra mọ́. Mo ti ní kó tilẹ̀ fọkàn balẹ̀, a ò lè fún ọmọ ẹlòmíràn lọ́mú láìyẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá wò. Síbẹ̀ ìbéèrè rẹ̀ mú ọgbọ́n dání.

Àyà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Lọ́dún 1978, ní Bogotá ní Kòlóḿbíà, inkubétọ̀ ò tó, dókítà Edgar Rey Sanabria wá ní kí wọ́n so ọmọ mọ́ àyà ìyá rẹ̀, awọ kan awọ. Ní 2022 àjọ ìlera àgbáyé WHO ní kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kété tí wọ́n bá ti bímọ, wákàtí mẹ́jọ sí 24 lójúmọ́. Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ ní, "Ẹ̀yìn la ń pọmọ sí. Ta ló ń pọmọ síwájú?" Àmọ́ ọmọ méjì, ìyá kan. Ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ gbé Táíwò, òun ló tú bùbá tó ní kí n gbé Kẹ́hìndé wá. Ó fa ọ̀já jáde nínú báàgì, ó so ó mọ́ra ju bí nọ́ọ̀sì kankan nínú wa ṣe lè so ó lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ ní oríkì lábẹ́ ohùn. Ìyá Ìbejì fún ọmú lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta tó fi gbé Táíwò sáyà, ìgò tó gbé wá kún ju ti àárọ̀ lọ dáadáa. Ní báyìí ó ń fún tó mílílítà 600 lójúmọ́.

Ọjọ́ Túsìdé tó kọjá, wọ́n ti fẹ́ẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ 34 tí a bá kà á láti inú oyún, Táíwò wọn gíráàmù 1,620. A ní kí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ fún ọmú náà kó rọ̀, kó má baà ya lu ọmọ, a sì gbé e sí i. Ó fà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó sinmi. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sùn lọ. Kẹ́hìndé ṣì ń gba ti rọ́bà. Màmá ní kò sí àníyàn, pé ẹ̀gbọ́n ló rán àbúrò kó lọ tọ́ ọ wò, tó bá ti jábọ̀ pé ó dùn, òun náà á bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ wálé láti ọ̀dọ̀ yín, bá mi ra ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún ọmú, èyí tí wọ́n ń gbé lé orí ọmú, oní-mílímítà 21 àti oní-mílímítà 24, mẹ́rin mẹ́rin. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa tóbi jù fún ọ̀pọ̀ wọn, ó ń bó wọn lára. Màá san owó rẹ̀, má bá mi jà lórí ìyẹn. Kí Tóbi àti bàbá rẹ̀.

Èmi ni,
Rónkẹ́