Ẹ̀sùn lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ ní ẹ ti tún ṣe

Kétu

Sí ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ tó ta kọ̀ǹpútà fún mi ní Àjàṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Orúkọ mi àti fàtúrà mi wà lọ́dọ̀ yín, mi ò ní tún ìtàn bí mo ṣe rà á sọ. Ó ti sú mi kí n máa gbé ẹ̀rọ kan náà gba Pobẹ́ àti Sákété wá bá yín, kí ẹ ní "ó ti dáa", kí ojú rẹ̀ sì tún di búlúù kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Kò sí ẹ̀rọ tí kì í bàjẹ́, mo mọ̀. Ohun tí mi ò gbà ni ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin tó ń gbàlejò níbẹ̀ sọ sí mi. Mo kí i ní Yorùbá, Faransé ló fi dá mi lóhùn láì gbójú sókè. Mo ní kó ka kóòdù, ìyẹn orúkọ àṣìṣe tí ẹ̀rọ kọ sójú búlúù yẹn, nínú fọ́tò tí mo yà, ó ní kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun èlò ìyá ọlọ́jà, kí n ní kí àwọn ọmọ mi máa bá mi tẹ̀ ẹ́. Ojú àwọn oníbàárà míì ló ṣe. Mo tó ìyá tó bí i lọ́mọ.

Kóòdù yẹn kò sì fara sin. MEMORY_MANAGEMENT ló ń kọ ní gbogbo ìgbà tó bá kú. Ọmọ àbúrò mi tẹ mdsched, ìyẹn àyẹ̀wò tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀ fún RAM, ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, láì tú nǹkan kan. Ẹ̀rọ yẹ ara rẹ̀ wò, ó ní òun rí àléébù nínú ohun èlò. A fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ẹ kà á, mo rí i pé ẹ kà á, ẹ ò dáhùn.

Ohun tí ẹ ṣe ni pé ẹ fọ́mátì rẹ̀, ẹ nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, ẹ fi Windows míì sí i. Nígbà tí mo tún gbé e dé, ohun kan náà lẹ tún ṣe. Bí òrùlé bá ń jò, ṣé ẹní la máa ń pààrọ̀? Ẹ yọ RAM méjèèjì, ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó mọ èyí tó bàjẹ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé inú fódà Minidump ni Windows máa ń tọ́jú àkọsílẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe kú sí. Fọ́mátì yín ló pa ẹ̀rí yẹn rẹ́, ẹ wá ń sọ pé ẹ ò rí àléébù kankan.

Ó sì pa ìwé ìṣirò àjọ wa rẹ́. Kí n tó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ni mo ti bẹ onímọ̀ ẹ̀rọ yín, ó ṣèlérí fún mi pé òun á kọ́kọ́ kó gbogbo fáìlì síbòmíràn. Kò kó ọ̀kan. Owó àwọn obìnrin tó ń ta gàrí àti ata ló wà níbẹ̀. Láti inú káàdì ọwọ́ wọn ni mo ti ń tún un kọ lálaalẹ́, àwọn kan sì ti ń fura sí mi.

Ẹ ní iná ni. Iná ń lọ ní Kétu lóòótọ́, ṣùgbọ́n báátìrì wà nídìí ẹ̀rọ mi, bí iná bá sì já lójijì, ẹ̀rọ á kú ni, kò ní dúró kọ kóòdù. Ẹ ní ọ̀gá àwọn alátùn-únṣe á pè mí lọ́la. Kò pè títí di òní.

Ẹ wá gbé ẹ̀rọ náà ní Kétu, ẹ pààrọ̀ RAM lábẹ́ gàráńtì láì gba kọ́bọ̀. Kí ẹ má fi ohunkóhun sí dísíìkì rẹ̀ mọ́ títí ẹni tó mọ iṣẹ́ gbígba fáìlì padà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì san owó rẹ̀. Kí ọmọkùnrin yẹn pè mí, kó bẹ̀ mí ní Yorùbá.

Ọjọ́ 14 ni mo fún yín. Lẹ́yìn rẹ̀, mo máa gbé fàtúrà, fọ́tò àti àwọn ọ̀rọ̀ WhatsApp wa lọ sílé ẹjọ́ ní Pobẹ́, lábẹ́ òfin 2007-21 tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Benin. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àjọ wa yóò bá mi lọ.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Kétu