Fọlákẹ́, Tóbi ti padà sílé

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Fọlákẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù Kánádà ńkọ́? Mo rí gbogbo ìpè rẹ, ẹnu ni mi ò ní tí mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀. A dúpẹ́, Tóbi ti kúrò ní ọsibítù. Ó ń jẹun, ó sì ti ń bá Mósún jà lórí rìmóòtù.

Ibà ni o. Ibà tí èmi àti ìwọ máa ń mu chloroquine sí, tí gbogbo ara á máa yún wa, tí a ó sì lọ sílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì. Àjọ WHO ní kò sí orílẹ̀-èdè tí ibà ń pa èèyàn tó tiwa, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ló sì ń pa jù. Tóbi ò tíì ju ọdún 4 lọ. Òru ni gìrì mú un. Ojú yí sókè, eyín há pa. Kí n tó wá kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, ìyá ọkọ mi ti gbé ìgò wọn dé, ìtọ̀ màlúù tí wọ́n rẹ ewé tábà sí. Mo já a gbà lọ́wọ́ wọn. Dókítà ló wá sọ lójú wọn pé irú ibà bẹ́ẹ̀ máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, pé àgbo yẹn náà á tún fà á sí i. Látìgbà náà, bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú Màmá, wọ́n á ní àwọn ti jẹun. Obìnrin tó tọ́ ọmọ márùn-ún yè!

PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀, jẹ́ 13, ó sì yẹ kó lé ní 30. Wọ́n fún un ní ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́ ibà tí wọ́n ń pè ní artesunate. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó rí ibi fi kánúlà sí, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí oògùn ń gbà wọ iṣan! Wọ́n wá iṣan lọ́wọ́, wọn ò rí i. Wọ́n wá a lẹ́sẹ̀, ó bẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n fá ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kan. Ó ń ké pé, "Mọ́mì, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi mí sílẹ̀," bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó kọjú sí ògiri. Mo nawọ́ sí i, ó gbọn ọwọ́ mi dànù.

Ìyá ọmọ nìkan ni wọ́n ń gbà ní wọ́ọ̀dù. Orí ẹní ni àwọn bàbá ń sùn níta, ẹ̀fọn tó gbé wa débẹ̀ sì tún ń jẹ àwọn náà. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé wọlé wá kí èèyàn rárá, nítorí náà ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni Mósún wà, kò sì rí àbúrò rẹ̀ títí a fi dé. Lánàá, mo fọwọ́ kan ọrùn Mósún, ó gbóná. Láti àárọ̀ ni, kò sọ. Ó ti lọ bu omi tútù wẹ̀ níkọ̀kọ̀ kí a má baà gbé òun náà lọ. Ibà kékeré ni, ó ti lo oògùn. Ọkàn mi ni kò tíì balẹ̀.

Bàbá Mósún ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ó ra tẹmómítà. Lóru, á jí, á fi sí Tóbi lábíyá, á kọ ọ́ sínú ìwé rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀: 36.5, 36.7. Ara ọmọ ti yá o! Mo ní kó sinmi, ó ní ṣé mo mọ ohun tí ojú òun rí níta níbẹ̀. Mo ní kí ni. Ó pa iná, ó sùn.

Ìwọ lo mú wa mọra, ó sì máa ń gbọ́ tìrẹ. Jọ̀ọ́, bá mi pè é. Má sọ pé mo kọ̀wé sí ọ. Bi í léèrè iṣẹ́ ná, bóyá á ti ibẹ̀ la ẹnu. Lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti ibí ló dára, àwọn ọmọ á ti sùn nígbà yẹn.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni tìrẹ,
Bọ́lá